Àpò Wàhálà

Ẹ̀yìn Ọjà Ẹja,
Limbe.
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kẹta.

Yefon mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí Màmá, mo kí òtútù Kumbo náà. Àdúrà mi ni pé kí lẹ́tà yìí bá ọ nínú ìlera, kí ikọ́ tó ń ṣe Màmá sì ti lọ pátápátá. Ní tèmi, bí inú dídùn bá ń mú èèyàn sanra ni, ẹnu ọ̀nà ilé wa kì bá tí gbà mí mọ́.

Ọkọ mi kò lọ sí Libreville mọ́! Jẹ́ kí n tún un kọ, ó ń dùn mọ́ mi lọ́wọ́: Fonyuy kò lọ mọ́. Jókòó kí n rò ó fún ọ, má sì fo ìlà kankan.

Kété tí a ṣègbéyàwó ni Bàbá Lukong, àbúrò bàbá rẹ̀ tó ń ta pákó ní Libreville, ránṣẹ́ pé iṣẹ́ ti wà nílẹ̀ fún un, kó máa bọ̀. Ọdún méjì gbáko, kò sì sí ààyè fún ìyàwó. Àwòrán ni Fonyuy ń yà sára ògiri ilé ọtí àti ara mọ́tò níbí, owó rẹ̀ kì í sì í dúró. Ṣùgbọ́n ó ti ń hùmọ̀ eré kan láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n, èyí tí wọ́n ń ta lórí pátákó bíi lúdò, láti fi kọ́ àwọn ọ̀dọ́langba bí a ti ń ṣọ́ owó ná. Ẹgbẹ́ aláfowósowọ́pọ̀ kan nílùú wa gbọ́, wọ́n ní kí a gbé e wá, kí àwọn ọmọ ilé-ìwé ta á lójú àwọn. Bí ó bá dára, wọn yóò rà á fún àwọn ilé-ìwé etí òkun. Bí kò bá dára, Fonyuy yóò wọ mọ́tò ní òpin oṣù. Bí a ṣe bá Bàbá Lukong ṣe àdéhùn nìyẹn.

Àwa méjèèjì la jọ parí rẹ̀. Mo ń gé páálí, ó ń ya àwòrán: asunẹja, ọlọ́kadà, aránṣọ. Bí o bá ju dáìsì, o lè rí iṣẹ́, o lè fi owó pamọ́, o sì lè bá àwọn tí ẹ jọ ń ta dá njangi, kí ẹ máa kó àjọ náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n àwọn káàdì dúdú wà níbẹ̀. Èyí tí ọkọ mi fẹ́ràn jù ni Káàdì Òkú: “Bàbá ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ ti kú lábúlé. Mú owó ewúrẹ́ wá, tàbí kí o kọ̀.” Ẹni tó bá san yóò padà sẹ́yìn, ẹni tó bá kọ̀ yóò máa lọ síwájú. Fonyuy ní gbogbo ìwé tí òun kà ló sọ ọ́, pé ìnáwó òkú ló ń gbẹ àpò àwọn èèyàn wa. Mo gbà fún un. Ìyàwó ọ̀ṣìngín ni mí, kí ni n kò ní gbà?

A kó eré náà lọ sí gbọ̀ngán wọn. Pa Mosoke, alága ẹgbẹ́ náà, jókòó bí ẹni tí eyín ń dùn. Àwọn ọmọ mẹ́rin yí pátákó ká, eré sì gbóná. Ewane, ọmọkùnrin kan tí ẹnu rẹ̀ kò dákẹ́, ń yan: “Ẹ wò mí o, mo ti ra ọ̀kadà kejì! Ẹ máa pè mí ní Ọ̀gá!” Ọmọbìnrin tó ń jẹ́ Limunga dá a lóhùn pé, “Ọ̀gá Páálí! Ṣé páálí yẹn lo máa gùn relé?”

Àfi bí Limunga ṣe fa Káàdì Òkú. Ó kà á, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó owó sílẹ̀. Mo ní, “Limunga, o lè kọ̀ o.” Ó wò mí bí ẹni tó gbọ́ èèmọ̀. “Àǹtí, kí n kọ òkú àna? Ojú wo ni màá fi wọ abúlé?” Ó san, ó padà sẹ́yìn. Ewane fa tirẹ̀, òun náà san pẹ̀lú gbogbo ariwo ẹnu rẹ̀. Gbogbo wọn ló san! Nígbà tó yá, kò sẹ́ni tó ní kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mọ́, kò sẹ́ni tó lè dé òpin, eré bá kú mọ́ wọn lọ́wọ́. Pa Mosoke yọ awò ojú wọn, wọ́n ní, “Fonyuy, ṣé ẹni tí kò bá lọ sìnkú ló ń borí nínú eré yín? Kí la fẹ́ wí fún àwọn òbí ọmọ wọ̀nyí?”

Yefon, ọkàn mi já. Mo ń wo Fonyuy tó ń ṣa káàdì jọ, inú mọ́tò Libreville ni mo ti ń rí i.

Limunga ni kò jẹ́ kó ṣà á tán. “Ẹ dúró ná, Àǹtí. Ṣebí ẹ ní njangi la ń dá? Àpò wàhálà rẹ̀ dà?”

Àpò wàhálà! Njangi wo ni èmi àti ìwọ mọ̀ tí kò ní in? Ṣé ẹnikẹ́ni lè dá owó àjọ lọ́dọ̀ àwọn ìyá wa láìju díẹ̀ sínú àpò tí wọ́n fi ń gbé ẹni tí òkú tàbí àìsàn bá kàn? A ti rí i títí láti kékeré, a kò wá rí i mọ́. Mo bọ́ gèlè orí mi, mo ká a bí àpò sáàárín pátákó, mo ní kí oníkálukú máa ju díẹ̀ síbẹ̀ kó tó dá àjọ. Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀. Òkú dé, gèlè san owó ewúrẹ́, ẹni tó fa káàdì dúró sí àyè rẹ̀. Ewane tí kò ju nǹkan kan sínú àpò fa tirẹ̀, ó na ọwọ́ sí gèlè, Limunga sì gbá a lọ́wọ́: “Ọ̀gá Páálí, ta ní í jẹ nínú ọbẹ̀ tí kò dá ata sí?” Ẹ̀rín pa wá. Pa Mosoke fa àga wọn sún mọ́ pátákó, wọ́n ní kí a fún àwọn náà ní dáìsì.

Lánàá ni wọ́n pè wá pé àwọn yóò rà á. Owó náà kò tó ti Libreville, n kò ní purọ́ fún ọ, díẹ̀díẹ̀ ni wọn yóò sì máa san án. Fonyuy pe Bàbá Lukong lójú ẹsẹ̀. Mo dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Mo gbọ́ tó ń sọ pé, “Bàbá, ẹ ṣeun, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún ẹlòmíràn níṣẹ́ náà.” Ohùn Bàbá la ilé já: “Eré ọmọdé lo fẹ́ fi bọ́ ìyàwó?” Fonyuy ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Òun ló ń bá mi gé páálí rẹ̀.” Mo fò jáde, mo dì mọ́ ọn, fóònù bọ́ sílẹ̀, Bàbá sì ń pariwo nínú rẹ̀ pé, “Hàló? Hàló?”

Kí Ọlọ́run fún ìwọ náà ní ẹni tí yóò kọ ọ̀nà jíjìn nítorí rẹ. Kí ojú Màmá rí i, kí ẹsẹ̀ wọn jó níbẹ̀. Ilé rẹ kò ní dahoro, ayọ̀ rẹ kò ní pín sí méjì. Àmín.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tó ń dá rẹ́rìn-ín,
Leinyuy, ìyàwó Fonyuy (ó wù mí kí n máa kọ ọ́ ni).

Àfikún: Wo inú àpòòwé dáadáa. Fonyuy ya káàdì kan fún ìwọ nìkan: “Ọ̀rẹ́ rẹ lọ́kọ, o kò yọjú. Wọ mọ́tò wá sí Limbe wá jẹ ẹja sísun, tàbí kí o kọ̀.” Kọ̀ ná, kí n rí ọ.