Ìyanṣẹ́lódì Gbé Bàbá Ràfíà Wálé

Àlàmísì, lẹ́yìn ìrun ìrọ̀lẹ́

Ó ti rẹ̀ mí. Ẹsẹ̀ ni mo fi rìn láti Tanke wá sí Basin. Àwọn onítírélà àti onítáńkà yanṣẹ́ lódì, epo ò wọ̀lú mọ́, kẹ̀kẹ́ sì dàwátì. Gbogbo èèyàn lójú ọ̀nà ló ń ṣépè fún àwọn awakọ̀. Awakọ̀ tírélà lọkọ mi.

Ọjọ́ pẹ́ tí mo ti ń tọrọ lọ́wọ́ Ọlọ́hun pé kí Bàbá Ràfíà yé jẹun ní búkà ojú títì, kí wọ́n jókòó tì wá. Wọ́n jókòó wàyí, ọ̀rọ̀ ò sì sí lẹ́nu wa.

Nírọ̀lẹ́ yìí, mo bu ìrẹsì fáwọn ọmọ, mo bu tèmi, mo gbọn ìkòkò gbẹ. Ni Ràfíà bá ní, "Ìyá, ti Bàbá ńkọ́?"

Ojú tì mí. Mo ti gbàgbé pé wọ́n wà nílé. Mo gbé tèmi fún wọn.

Wọn ò bínú. Wọ́n jẹun, wọ́n mumi, wọ́n dìde, wọ́n tọwọ́ bọ àpò.

"Ìyá olóúnjẹ, èló lowó yín?"

Ràfíà bú sẹ́rìn-ín. Àwa méjèèjì ò lè wojú ara wa.