Máníjà Tó Yan Ṣọ́ọ̀bù fún Màámi

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi.

Àbúrò màámi, tí mo ń pè ní Máníjà, ní kí wọ́n fi ìsọ̀ àdìrẹ wọn ní Ìtòkú sílẹ̀, kí wọ́n gba ṣọ́ọ̀bù ní Òṣíẹ̀lẹ̀.

"Àǹtí mi, mo ti lọ wo ibẹ̀. Èrò ń wọ́ bí omi." Ó ń fimú sọ ọ́ bí òyìnbó.

Òpè. Ọjọ́ ọjà ló lọ. Mo débẹ̀ lọ́jọ́ kejì ọjà, ewúrẹ́ nìkan ló ń nájà.

Mo sọ fún màámi, wọ́n ní mo tún ń sín Máníjà jẹ. Ìparí oṣù yìí ni wọ́n máa dá kọ́kọ́rọ́ Ìtòkú padà.

Ẹ̀yin ni wọ́n gbà gbọ́. Ẹ bá mi ní kí wọ́n kọ́kọ́ débẹ̀ lọ́jọ́ tí ọjà ò sí. Kí Máníjà tẹ̀lé wọn, kó lọ bá ewúrẹ́ dúnàádúrà.