Ohun Tí A Rí Lójú Ẹ̀rọ

Ilé Kejìlá,
Ẹ̀yìn Ilé Ìfìwéránṣẹ́.
Ọjọ́ Kẹsàn-án, Oṣù Karùn-ún.

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ṣé ara le? Ọkọ yín ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé orúnkún ti ń jẹ́ kí ẹ gun àtẹ̀gùn?

Ẹ má bínú pé mo dákẹ́. Ìyàwó yín ló lóyún. Nítorí oyún méjì tó ti bàjẹ́ lára rẹ̀ tẹ́lẹ̀, a fi í pa mọ́ kí ọkàn yín má baà tún gbọgbẹ́.

Nígbà tó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá, ó pè mí láti ilé-ìwé tó ti ń ṣe tíṣà, ó ní òun rí ẹ̀jẹ̀. Ayùn bọ́ lọ́wọ́ mi. Pẹ̀lú ìyẹ̀fun pákó lórí ni mo fi gbé e lọ sílé ìwòsàn.  Ó di ọwọ́ mi mú pinpin.

Agbẹ̀bí tó yẹ̀ ẹ́ wò, ìyá àgbà kan tí kì í rẹ́rìn-ín, yí ojú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo inú aboyún sí wa. Ó ní, "Ẹ wo ohun tó ń ṣẹ́jú wìrìwìrì yẹn. Ọkàn ọmọ yín ló ń lù." Ó ní ọwọ́ ti yọ, ẹsẹ̀ ti yọ, àwọn ìka sì ti ń ya ara wọn sọ́tọ̀. Mo béèrè bó ṣe gùn tó. Ó ní ó lé díẹ̀ ní ínǹṣì kan. Ẹ̀gbọ́n mi, ìṣó tí mo fi ń kan ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù nìyẹn! Ni mo bá bú sẹ́kún. Ìyàwó yín wò mí, ó ní, "Ta ló lóyún gan-an nínú àwa méjèèjì?"

Agbẹ̀bí ní kó lọ sinmi. Mo fọṣọ, mo dáná, ìkòkò méjì sì jóná mọ́ mi lọ́wọ́. Kó tó pé ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ̀jẹ̀ ti dá.

Oyún ti lé ní oṣù márùn-ún báyìí. Lánàá, ó ń kọ ìṣirò sójú pátákó nígbà tí ọmọ náà tàpá, bí ìgbà tí ẹja fìrù gbá omi. Ó dúró gbagidi. Ọmọ kíláàsì rẹ̀ kan ní, "Tíṣà, ṣé ẹ ti gbàgbé ìdáhùn ni?" Ẹ̀rín pa á débi pé ó jókòó.

Ẹ̀rù ṣì ń bà mí nígbà míì, ṣùgbọ́n mo ti ń sùn dáadáa. Oṣù Kẹsàn-án ni wọ́n dá fún wa. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wá. Ẹ bá mi kí ọkọ yín àti gbogbo ilé. Ìyàwó yín náà ń kí yín. Ó ní ẹ̀yìn yín tó pọ̀n mí nígbà tí ìyá wa kú ni òun fẹ́ kó kọ́kọ́ pọ̀n ọmọ yìí.

Èmi ni àbúrò yín tí ń fojú sọ́nà,
Káfíńtà.