Bàbá, Ẹ Bá Mi Fagi Lé Ẹ̀jẹ́ Mi

Bàbá mi ọ̀wọ́n, katikíìsì tó ń fi èdè Hébérù bá ọmọ wí,

Èmi ọmọbìnrin yín kan ṣoṣo ni. Ẹ má bínú pé mo tún ń yọ yín lẹ́nu. Ẹnu mi ló kó bá mi.

Lọ́jọ́ tí a sin yín, mo ké tantan lójú gbogbo ìjọ pé mi ò ní fi ilé yín ní Yábà sílẹ̀ lọ sílé ọkọ kankan títí n ó fi kú. Ẹkún ló sọ ọ́, Bàbá, ṣùgbọ́n ẹyin lohùn, ó ti bọ́. Ní báyìí, káfíńtà kan láti Ògbómọ̀ṣọ́ ti wá tọrọ mi. Muṣin tí ẹ máa ń fẹsẹ̀ rìn dé náà ló ń gbé. Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Màmá ti ń di ẹrù mi kí n tó dáhùn.

Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé nédérì ni ẹ̀jẹ́, ṣẹfúà ni ìbúra, àti pé àwọn Hébérù àtijọ́ kò tilẹ̀ ní ọ̀rọ̀ kan pàtó fún ìlérí: ẹni tó bá ti sọ̀rọ̀, ó parí. Ṣé ẹ rántí ìgbà tí mo jẹ́jẹ̀ẹ́, ní ọmọ ọdún mẹ́jọ, pé mi ò ní jẹ ẹ̀wà mọ́ láyé? Ẹ ṣí ìwé Númérì fún mi. Bí bàbá bá fagi lé ẹ̀jẹ́ ọmọbìnrin rẹ̀ lọ́jọ́ tó gbọ́ ọ, ó di òfo. Bó bá dákẹ́, ó dúró. Lẹ bá fi ilé awò ojú yín gbá tábìlì lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ ní ẹ̀jẹ́ mi ti di òfo nìyẹn, ẹ sì gbé ẹ̀wà síwájú mi. Inú bí mi lọ́jọ́ náà.

Mo ti rò ó dáadáa. Ẹ ti wà nínú pósí nígbà tí mo jẹ́jẹ̀ẹ́ yìí, ẹ ò lè gbọ́. Òní tí mo kọ̀wé lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́, ẹ sì ní àyè títí oòrùn yóò fi wọ̀. Mo ti gbé ilé awò yín sórí tábìlì. Bàbá, ṣé ẹ ń gbọ́? Ẹ̀yin tí ẹ máa ń bá asọ̀rọ̀mágbèsì ara ògiri jiyàn, kí ló dé tí ẹ dákẹ́? Àárò yín ń sọ mí gidigidi.

Oòrùn ti fẹ́ wọ̀. Màmá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, ó rí aáyán lórí tábìlì, ó gbá ilé awò yín mú. Pà! Ó tàsé. Pà! Ó tún tàsé. Bàbá, mo dijú, mo gbàdúrà fún aáyán.

Pà!

Aáyán ti sá lọ. Màmá ń ṣépè fún un, kò mọ ohun tó ṣe. Ẹ ṣeun, Bàbá. Mo ń lọ sí Muṣin. N ó mú ilé awò yín dání, torí bí mo bá bí ọmọbìnrin, ẹnu ìyá rẹ̀ ló máa jogún.

Èmi ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tó sì ti ń jẹ ẹ̀wà.