Káàdì Mẹ́sàn-án Inú Agolo Òwú

                                                  Ilé Kẹtàdínlógún,
                                                  Òpópónà Ilé Ìfìwéránṣẹ́ Àtijọ́.
                                                  Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹta.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Mo ti ba iṣẹ́ ọmọ mi jẹ́, kò sì tíì mọ̀ pé èmi ni. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìyẹn sílẹ̀ ná kí n tó kí yín, torí mo mọ ara mi. Bí mo bá kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kí yín, màá kí yín dé ìsàlẹ̀ ìwé, màá sì tún gbé ohun tó wà lọ́kàn mi padà bí mo ṣe gbé e wá.

Ó yá, ẹ kú ilé o, ẹ sì kú ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé ara yín le? Orúnkún yín ńkọ́, ṣé ẹ ti ń lè sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn láìdi ògiri mú? Bùrọ̀dá ńkọ́, ṣé wọ́n ṣì ń bá rédíò jà láràárọ̀? Àwọn ọmọ ńkọ́, pàápàá àbíkẹ́yìn yín tó ní òun ò ní fẹ́ ẹnikẹ́ni? Ẹ bá mi kí gbogbo wọn. Àwa náà wà níbí. A ò ṣàìsàn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé oúnjẹ ò gba ọ̀nà ọ̀fun mi lọ dáadáa láti Sátidé tó kọjá.

Ẹ rántí pé mo sọ fún yín pé ọmọ mi obìnrin ń kọ eré olórin kan, irú èyí tí àwọn òṣèré máa ń fi orin sọ ọ̀rọ̀ wọn látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ọdún mẹ́ta ló ti wà lórí rẹ̀. Torí rẹ̀ ló ṣe fi iṣẹ́ tíṣà sílẹ̀, ẹ̀yin náà sì mọ bí mo ṣe sunkún nígbà yẹn. Ìtàn àwọn obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ nílé ìfọṣọ ni. Ọ̀kan nínú wọn, ọmọdébìnrin tó ń fi áyọ́ọ̀nù lọ aṣọ, fẹ́ kúrò níbẹ̀ lọ kọ́ iṣẹ́ mìíràn, ìyá rẹ̀ ò sì fẹ́ kó lọ. Èmi ni mo ń rán aṣọ tí wọ́n ń wọ̀. Yàrá tí wọ́n fún mi lẹ́yìn ìtàgé ò fẹ̀ ju balùwẹ̀ lọ. Màṣíìnì mi gba ìdajì, àwọn aṣọ tí mo fi kọ́ gba ìdajì tó kù, bí mo bá fẹ́ yí ara padà, àfi kí n kọ́kọ́ jáde.

Wọn kì í parí irú eré bẹ́ẹ̀ tán kí wọ́n tó fi han èèyàn. Ńṣe ni wọ́n máa ń pe bí ọgọ́rin èèyàn wá wò ó nígbà tó ṣì wà ní tútù. Wọ́n á fún kálukú ní káàdì kékeré kan àti bírò, pé kó kọ ibi tó dùn mọ́ ọn àti ibi tó sú u, kó má kọ orúkọ, kó sì jù ú sínú àpótí bó bá ń jáde. Lọ́jọ́ kejì, ọmọ mi á jókòó ti àpótí yẹn, á kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ohun tó bá kà níbẹ̀ ló máa fi tún eré náà ṣe. Ọ̀gá tó ni ilé eré náà, tí wọ́n ń pè ní Òkúta torí kò sẹ́ni tó tíì rí eyín rẹ̀, fún un láàyè ẹ̀ẹ̀mẹta. Lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀kẹta ni Òkúta á sọ bóyá òun á gbé eré náà jáde fún gbogbo ayé, tàbí kí wọ́n palẹ̀ mọ́ fún ẹlòmíràn. Ẹ̀ẹ̀kẹta yẹn, Sátidé tó ń bọ̀ yìí ni.

Ọjọ́ àkọ́kọ́, ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta báyìí, ẹ̀yìn pátápátá ni mo jókòó sí. Ọmọdébìnrin yẹn kọ orin tirẹ̀, Orin Áyọ́ọ̀nù la máa ń pè é. Kò ju ìṣẹ́jú méjì lọ, ó ń fi áyọ́ọ̀nù lu tábìlì bó ṣe ń kọ ọ́, gbogbo ilé sì ń mi orí. Ọkùnrin tó jókòó níwájú mi ti ń bá a gbè kó tó parí. Ó wá kan orin ìyá. Ẹ̀gbọ́n mi, èmi ni ìyá yẹn. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi, ṣùgbọ́n ta ni mo tún fẹ́ bi? Gbogbo ohun tí mo máa ń sọ fún ọmọ yìí láti kékeré ló wà níbẹ̀. Ṣé o ti jẹun? Ta lò ń bá lọ? Bàtà wo lo wọ̀ nínú òjò yìí? Mo ń gbọ́ ẹnu ara mi lẹ́nu ẹlòmíràn, omijé sì ń dà wàrà lójú mi.

Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ ikọ́. Ẹnì kan wú u lápá ọ̀tún, ẹlòmíràn dáhùn lápá òsì. Iná fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í tàn níhìn-ín lọ́hùn-ún. Àwọn obìnrin méjì dìde lọ sí ilé ìtọ̀, wọn ò sì wọlé títí orin fi parí. Ọkùnrin iwájú mi bi ìyàwó rẹ̀, kò tilẹ̀ rẹ ohùn sílẹ̀, pé ṣé ìyá yìí ò ní dákẹ́ ni. Ìyàwó ní kó jókòó jẹ́ẹ́, pé ìyá tiẹ̀ gan-an ni wọ́n ń sín jẹ. Ni àwọn méjèèjì bá ń fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ parí, yàrá mi ni wọ́n gbé àpótí káàdì sí torí ilẹ̀kùn rẹ̀ ní kọ́kọ́rọ́. Mo ní kí n kàn yọjú wo ẹyọ méjì péré. Kí n tó mọ̀, mo ti ka gbogbo rẹ̀ tán. Ìyìn ló pọ̀ jù, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, ṣùgbọ́n àwọn mẹ́sàn-án kan kò gba ti orin ìyá rárá. Mo kó mẹ́sẹ̀ẹ̀sàn-án, mo kì wọ́n bọ inú agolo bisikíìtì tí mo ń kó òwú sí. Káàdì òfìfo ṣì kù lórí tábìlì. Mo jókòó, mo sì kọ mẹ́sàn-án mìíràn rọ́pò wọn. Mo fi ọwọ́ òsì kọ àwọn kan, mo fi lẹ́tà gàdàgbà kọ àwọn kan, mo yí bírò padà lẹ́ẹ̀mẹta. Nínú ọ̀kan, mo ní bàbá arúgbó ni mí. Ohun kan náà ni gbogbo wọn ń sọ: orin ìyá yẹn ló wọ̀ mí lára jù, ẹ fi kún un. Nínú ẹyọ kan, mo tún kọ ọ́ pé kò sí ohun tí Orin Áyọ́ọ̀nù yẹn ń ṣe níbẹ̀, pé wọ́n lè yọ ọ́ kúrò. Mi ò mọ ohun tó wọ̀ mí lórí. Lọ́jọ́ yẹn, mo ní ọmọ mi ni mò ń dáàbò bò, kí ọ̀rọ̀ àwọn èèyàn má bàa dùn ún. Ara mi ni mò ń dáàbò bò.

Lọ́jọ́ kejì, ó sáré wọ yàrá aṣọ, ó dì mọ́ mi tìdùnnú-tìdùnnú, ó ní, "Mọ́mì, wọ́n fẹ́ràn yín."

Ìgbà yẹn ló yẹ kí n sọ̀rọ̀. Mo kàn ń gbọn aṣọ kan ni.

Ó lọ fi kún orin ìyá, ó di odidi ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án. Kí ààyè lè wà, ó yọ Orin Áyọ́ọ̀nù kúrò. Ọmọ tó ń kọ ọ́ wá gbé ẹ̀wù rẹ̀ fún mi pé kí n bá òun dín in, bí mo ṣe ń fi abẹ́rẹ́ há a ní ìbàdí, ẹkún ló ń sun. Mo sọ fún un pé bí iṣẹ́ eré ṣe rí nìyẹn. Ẹ wo ẹnu mi.

Sátidé tó kọjá ni wọ́n ṣe ẹ̀ẹ̀kejì. Kí wọ́n tó dé ìdajì orin ìyá, ilé ti gbóná. Àwọn èèyàn ń yí lórí ìjókòó bí ẹni tí èèrà wọ̀ láṣọ. Ìyá orí ìtàgé rí wọn, ẹ̀rù bà á, ó gbàgbé ọ̀rọ̀, ó wá bi ọmọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì bóyá ó ti jẹun. Ohùn kan dáhùn láti ẹ̀yìn pé, "Ó ti jẹun, Mọ́mì, ó ti yó." Ẹ̀rín bú. Ibi tó yẹ kí wọ́n ti sunkún ni wọ́n ti ń dì mọ́ra wọn rẹ́rìn-ín. Èèyàn mẹ́rìnlá jáde lọ, ẹ̀yìn wọn ni mò ń wò lọ́kọ̀ọ̀kan bí wọ́n ṣe ń gba ẹnu ọ̀nà kọjá. Òkúta dúró níbẹ̀, ó ká ọwọ́ lẹ́rán.

Láti ọjọ́ yẹn, ọmọ mi ò yàtọ̀ sí ẹni tí wọ́n gbá létí. Ó tẹ́ káàdì ọjọ́ àkọ́kọ́ àti ti ọjọ́ kejì sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pálọ̀ mi, ó ń kúnlẹ̀ láàárín wọn, ó ń wò wọ́n, wọn ò bára mu. Ó ní bóyá etí òun ni ò gbọ́ èèyàn mọ́. Ó bi mí pé kí ni òun ṣe fún wọn. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ó ní òun á gba eré náà padà lọ́wọ́ Òkúta lọ́jọ́ Jímọ̀, kí ojú má tún ti òun níwájú èèyàn, òun á sì lọ bẹ ilé ẹ̀kọ́ bóyá àyè tíṣà ṣì wà. Ẹ̀gbọ́n mi, ohun tí mo fi ọdún mẹ́ta gbàdúrà fún rèé. Nígbà tó wá jáde lẹ́nu rẹ̀, mi ò fẹ́ ẹ mọ́.

Àbúrò rẹ̀ ló wá mú mi lánàá. Ẹ mọ̀ ọ́n, èyí tó ń tún fíríìjì ṣe, tí mo máa ń bá wí torí pé ó ń gun àkàbà pẹ̀lú sálúbàtà. Igi kékeré kan ló gún un lọ́wọ́, ó sì ṣí agolo mi pé kóun mú abẹ́rẹ́. Ó ka káàdì àkọ́kọ́, ó ka ìkejì, ó jókòó. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ló sọ ọ́, ìyẹn ló sì dùn mí jù. Ó ní, "Mọ́mì, bí ẹ ò bá sọ fún un kí ọ̀la tó parí, èmi á sọ." Ó mú abẹ́rẹ́, ó yọ igi ọwọ́ rẹ̀, ó lọ. Ọ̀la ọ̀hún lòní.

Ẹ̀rù ń bà mí gan-an. Ọmọ yìí ò ní ẹlòmíràn tó máa ń kọ́kọ́ sáré wá bá ju èmi lọ, látìgbà tí bàbá wọn ti kú. Bí mo bá sọ fún un, ta ló tún máa sáré wá bá? Bí mi ò bá sọ, á padà sí kíláàsì, á máa rò títí ayé pé òun ò mọ iṣẹ́ òun. Mo ti gbé agolo yẹn dé ẹnu iná ìdáná lẹ́ẹ̀mejì láàárọ̀ yìí, mo sì gbé e padà.

Mo ní kí n da ọ̀rọ̀ inú káàdì náà kọ síbí kí ẹ rí i pé n ò bù mọ́ ọn. Ẹ dúró ná.

Mo ti padà dé. Mo tẹ́ mẹ́sẹ̀ẹ̀sàn-án sórí tábìlì. Àwọn mẹ́jọ kò yàtọ̀ sí ohun tí mo ti sọ: ó gùn jù, ìyá yẹn ti rojọ́ jù, mo lọ tọ̀ mo sì padà ó ṣì ń kọrin. Ẹ̀kẹsàn-án náà ní, "Orin ìyá ti pọ̀ jù. Ó sú mi." Ibi tí mo kà á dé nìyẹn lọ́jọ́ kìíní, mo bínú, mo sì jù ú sínú agolo. Òní ni mo yí i sódì. Ọ̀rọ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí ẹni náà ṣe kọ ọ́ rèé:

"Ṣùgbọ́n ẹ má yọ ọ́ o. Ìgbà tó kọ́kọ́ bi í bóyá ó ti jẹun, màmá mi ni mo rí. Ìyẹn ti tó. Ẹ jẹ́ kí ìyá dákẹ́ níbẹ̀, kó máa wo ọmọ, kí ọmọ sì máa kọ Orin Áyọ́ọ̀nù rẹ̀ lọ."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, Ẹ̀gbọ́n mi. Ohun tí ọmọ mi ń wá káàkiri ilẹ̀ pálọ̀ wà nínú òwú mi. Bí mo bá sì fún un, ó gbọ́dọ̀ bi mí ibi tí mo ti rí i.

Aago mẹ́rin ti kọjá. Wọ́n ń ṣe ìdánrawò títí di mẹ́fà, ó ṣì ku ọ̀la àti ọ̀túnla kí Sátidé tó dé. Mo ti wọ bàtà. Màá ju lẹ́tà yìí sínú àpótí ìfìwéránṣẹ́ ìkóríta kí n tó débẹ̀, kó lè jẹ́ pé ẹ̀yin ti mọ̀, kí n má lè padà sílé mọ́. Màá gbé agolo náà síwájú rẹ̀, màá ṣí i, màá sì dákẹ́. Mi ò mọ̀ bóyá ó máa dárí jì mí. Mi ò tilẹ̀ mọ̀ bóyá eré náà ṣì ṣeé gbà là.

Ẹ bá mi kí Bùrọ̀dá, ẹ ní kí wọ́n rọra pẹ̀lú rédíò. Ẹ kí àwọn ọmọ, ẹ má sì da àbíkẹ́yìn yẹn láàmú, ẹ jẹ́ kó ṣe bó ṣe fẹ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè fèsì, torí ó lè jẹ́ pé lẹ́tà yín nìkan lá máa bá mi sọ̀rọ̀ fúngbà díẹ̀. Ẹ sọ gbogbo ohun tó bá wà lọ́kàn yín, bó ti wù kó korò. Ẹ kọ ọ́ tiwájú-tẹ̀yìn ìwé. Màá yí i wò.

Èmi àbúrò yín tí kì í gbó lójú yín,
Aláròyé.