Ẹ Kú Ìjókòó

Sátidé, ìrọ̀lẹ́

Kí n kúkú jẹ́wọ́: n kò mọ bí wọ́n ṣe ń sinmi. Láti Olódò dé Àgbádárìgì, ọ̀nà gbọ̀n wá bí ẹni ń jọ èlùbọ́, kí ọkọ̀ ojú omi tó gbé èmi àti ìyàwó mi dé erékùṣù yìí.

A jókòó sábẹ́ àgbọn. Apẹja kan kọjá, ó ní, "Ẹ kú ìjókòó o!" Ojú tì mí. "Ẹ kú iṣẹ́" ni wọ́n ń kí mi lóko. Mo bá dìde, mo mú ìgbálẹ̀.

Ìyàwó mi rẹ́rìn-ín: "Bàbá Ràfíù, ẹ fẹ́ gbá iyanrìn òkun tán ni? Ó ti pẹ́ tí mo ti ń bẹ̀ yín pé ká jókòó pọ̀."

Mo padà jókòó. Atẹ́gùn yẹn sì dára...

Lọ́la, tí a bá kírun àsùbáà tán, màá jókòó ti ìyàwó mi létí omi títí ebi yóò fi lé wa dìde.