Àdúrà Tí Mo Ṣe fún Misturat ní Kánádà

Ìyá Misturat,

Mo le koko bí ọta. Òtútù Kánádà ti mọ̀ pé Kàdírì oníṣu, ọmọ Ṣakí, ló dé.

O ní kí n mú ọmọ rẹ padà wálé. Iṣẹ́ ẹ̀ níbí ni kó máa fi ewì ilẹ̀ kan wé ti òmíràn. Lánàá, ó mú mi lọ sí kíláàsì, ó fẹ́ fi ẹkún ìyàwó tiwa wé ti àwọn ará Ṣáínà. Ló bá kúnlẹ̀ níwájú mi, ó ń sun ún: "Bàbá, mò ń lọ o, ẹ súre fún mi."

Baba wo ni yóò gbọ́ ìyẹn tí yóò dákẹ́? Èmi tí mi ò kàwé kọjá puráímárì kejì, mo gbé ọwọ́ lé e lórí láàárín àwọn ọ̀mọ̀wé: "Ibi tí o ń lọ á gbà ọ́. O ò ní kẹ́rù padà sílé wa láéláé." Wọ́n ṣe àmín, wọ́n pàtẹ́wọ́ títí.

Ìgbà tí a délé ni mo rántí iṣẹ́ tí o rán mi. Ẹnu wo ni n ó fi sọ ọ́ báyìí?

Ní kí Bàṣírù akunlé má wulẹ̀ fi ọ̀dà kun yàrá Misturat mọ́. Bá mi kí gbogbo ará ilé. Ọmọ rẹ ní ẹ kú ilé o.

Kàdírì, ọkọ rẹ.